Géètì Ìlú Eérú

Ẹ sún síbi tí òjò kò ti ní ta sí yín lára, kí ẹ sì fi etí yín fún mi pátápátá. Èmi kì í yá etí, nítorí ẹni tó yáni létí máa ń gbà á padà kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ogójì ọdún ni èmi Ọdẹ́wálé ti ń wọ igbó tí àwọn bàbá yín kò lè pe orúkọ rẹ̀ láìkọ́kọ́ wẹ̀yìn, mi ò sì ní jókòó síbí kí n máa sọ ìtàn fún ẹni tó ń tòògbé. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó máa lọ sílé.

Ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Láoyè sọ ìdajì rẹ̀ fún mi, Ògúndíran sọ ìdajì. Nígbà tí mo yọ irọ́ kúrò nínú tẹ̀gbọ́n, tí mo yọ ẹ̀gàn kúrò nínú tàbúrò, èyí tó kù ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kó lọ bá ẹni tó sọ ọ́ fún un jà, kó má bá mi jà.

Ní Òkè-Ìdàrọ́, àwọn ọmọ ìyá méjì kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ kí a máa fi iná jó irin mọ́ irin. Láoyè ni ẹ̀gbọ́n, Ògúndíran ni àbúrò. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀rọ ìjórin kan ló fi sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀rọ náà sì gbó ju bàbá tó fi í sílẹ̀ lọ. Inú àjákù ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti yọ irin rẹ̀. Wáyà tó wé mọ́ ọn nínú ti já lọ́nà mẹ́tàdínlógún, ibi tó bá sì ti já ni wọ́n ti fi àkísà ìró àti rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì í. Bí ó bá gbóná jù, wọn á bu epo dúdú sí i. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ibì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tí wọ́n ń ta ní ìpá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun.

Ẹ̀rọ kan, ọmọ méjì. Láoyè ní àkọ́bí ló ni ohun tí bàbá bá fi sílẹ̀. Ògúndíran ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ náà ti kú tó jẹ́ pé òun lòun jí i, nítorí náà ẹ̀rọ ti bàbá ti bá bàbá lọ, èyí tó wà nílẹ̀ tòun ni. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di odì. Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn, ọjọ́ méjì fún ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjì fún àbúrò, wọn kì í sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí Láoyè bá fẹ́ gba òòlù, ẹ̀rọ ló máa ń kọjú sí, á ní kí ẹ̀rọ bá òun sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé kó gbé òòlù wá. Ògúndíran náà á ní kí ẹ̀rọ sọ fún ẹni tó ń bèèrè pé òun kì í ṣe ẹrú bàbá rẹ̀. Bàbá kan náà ló bí wọn, ẹ má gbàgbé. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe báyìí, ẹnu àwọn ará Òkè-Ìdàrọ́ sì ti gbẹ lórí àtibẹ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ kan tó jẹ́ ọjọ́ Ògúndíran, tí oòrùn ti ń dẹwọ́, oníbàárà kan dé. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí, ó sì so òkúta mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ìmàdò méjì ló ń fa ẹrù rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Ká ní èmi ló rí i ni, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ènìyàn, nítorí ẹsẹ̀ ni ojú ọdẹ kọ́kọ́ máa ń wò. Ṣùgbọ́n irin ni wẹ́dà ń wò, kì í wo ẹni tó gbé e wá. Ohun tí ìmàdò fà wá ni ínjì géètì, irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, ṣùgbọ́n èyí tóbi tó odó, ó sì sán láàárín débi pé ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Oníbàárà náà ní géètì yẹn ló ń dá ìjì dúró ní ìlú àwọn. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá dára, ìlú òun á máa súre fún ẹni tó ṣe é, bí kò bá sì dára, ìlú òun á wá a wá.

Ògúndíran mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó yẹ kó fi ayùn la ibi tó sán náà dé ìsàlẹ̀, kó ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, kó wá máa jó o láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, ìpele lórí ìpele. Ilẹ̀ á mọ́ kó tó parí, ọjọ́ kejì sì jẹ́ ọjọ́ Láoyè. Kí Ògúndíran bẹ Láoyè pé kó fún òun ní ọjọ́ kan sí i? Ó sàn fún un kó jẹ irin náà. Nítorí náà ó ṣa àjókù ọ̀pá ìjórin nílẹ̀, ó tò wọ́n sínú ibi tó sán náà bí ẹni ń to igi sínú ààrò, ó fi iná fẹ́ẹ́rẹ́ rin orí rẹ̀ kí wọ́n má baà rí inú, ó sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún kó tó tutù. Ó ń dán. Oníbàárà fọwọ́ pa á, ó yìn ín, ó lọ. Ẹ̀yin wẹ́dà tó wà níbí, ẹ má wo ilẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjìlá dé lórí ìmàdò, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn so òkúta mọ́ ẹsẹ̀. Ọjọ́ Láoyè ni. Ògúndíran wà lẹ́yìn àgbá omi, ó ń jẹun. Olórí wọn bèèrè ẹni tó ni ẹ̀rọ náà. Láoyè kò bèèrè ìdí, nítorí ọdún méje ló ti ń retí kí ẹnìkan bi í ní ìbéèrè yẹn lójú ẹlẹ́rìí. Ó dìde, ó gbá àyà, ó ní, "Èmi Láoyè, àkọ́bí bàbá mi, èmi nìkan ni mo ni ín. Kò sí ẹlòmíràn."

Wọ́n ní ó dára. Wọ́n da àwọ̀n lé e lórí, wọ́n gbé e sórí ìmàdò, wọ́n lọ. Ògúndíran la ẹnu lẹ́yìn àgbá, òkèlè sì wà nínú ẹnu náà. Ó pa á dé. Àwọn àgbà ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn eérú ṣi ẹni tọ̀, ẹni tó dà á sì jókòó ó ń wò ó.

Ẹ̀rọ wá di ti Ògúndíran nìkan. Ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di tirẹ̀, kò sì dùn mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ gba òòlù, á kọjú sí ẹ̀rọ, á ní kó bá òun sọ fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún, á wá rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Lójoojúmọ́, Àwẹ̀ró, ìyàwó Láoyè, ń gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Á gbé e sílẹ̀ níwájú Ògúndíran, á sì máa lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ ti di tiyín báyìí, ọkọ mi," ló wí. "Ẹ jẹun, kí ẹ lè lágbára láti lò ó."

Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́, bí obìnrin ilé ti ń kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ògúndíran sọ fún mi pé ìkúnlẹ̀ yẹn dun òun ju kí ó gbá òun létí lọ. Kò jẹun náà. Ó gbé ẹ̀rọ ka orí, ó di ọ̀pá ìjórin mẹ́rìnlá sínú àpò, ó mú òòlù àti ṣísùlù tí wọ́n fi ń gé irin, ó fi dígí dúdú tí wẹ́dà fi ń bo ojú kọ́ ọrùn, ó sì tọ ojú ẹsẹ̀ ìmàdò wọ igbó.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé ni Ìlú Afura. Àwọn ará ibẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn kí wọ́n lè máa wo ẹni tó ń tẹ̀ lé wọn. Ìyá á kọ́kọ́ gbóòórùn ọmú ara rẹ̀ kó tó fi bọ́ ọmọ, ọmọ náà á sì gbóòórùn rẹ̀ kó tó mu. Èmi ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tó jí nǹkan mi, nítorí gbogbo wọn ń ṣọ́ tiwọn. Wọ́n mú Ògúndíran, wọ́n yí i ká, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i, wọ́n sì ń wò ó láti orí èjìká. Wọ́n pa àlọ́ kan fún un: kí ló ń dán lójú tó jẹ́ òfo nínú? Ó ní àgbá òfìfo. Wọ́n nà án ní pàṣán méjìlá. Ó ní ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n nà án ní méjìlá mìíràn. Ó ronú títí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta á, ó sì rántí bí ọ̀dà dúdú ti ń dán lára irin.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ló wí.

Gbogbo wọn yíjú padà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí wọn kì í ṣe fún àlejò. Àgbà wọn sọ fún un pé kó máa lọ, pé ẹni tó bá fura sí ara rẹ̀ nìkan ni àwọn kì í fura sí. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ, wọ́n rí dígí dúdú lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló wà fún, òmùgọ̀ ọmọ sì sọ òtítọ́ pé òun fi ń bo ojú ni. Ohun tó bá ń fi ojú ènìyàn pamọ́ kì í jáde láàyè ní Ìlú Afura. Wọ́n fi odó gún dígí náà kúnná, wọ́n da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú kànga. Ojú ìhòòhò ni Ògúndíran gbé kúrò níbẹ̀, gbogbo wẹ́dà sì mọ̀ pé ẹni tó bá fi ojú ìhòòhò wo iná ìjórin, ojú rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Ó rìn títí ó fi dé Ìlú Eérú. Eérú ni àwọn ará ibẹ̀, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìdí tí wọ́n sì fi ń so òkúta mọ́ ẹsẹ̀ nìyẹn, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa ń gbé wọn. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú wọn tó ní ihò gàgàrà, inú ihò yẹn sì ni ìjì ti ń jáde wá ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Géètì irin tó ga bí ọ̀pẹ ni wọ́n fi dí ẹnu ihò náà. Ògúndíran gbójú sókè wo ibi tó yẹ kí ínjì wà, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n ti fi Láoyè ṣe ínjì. Wọ́n so ó mọ́ òpó pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n, wọ́n gbé géètì lé e ní èjìká ọ̀tún, ọrùn rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá sún díẹ̀, géètì á wó lé e, ìjì á sì gbá gbogbo ìlú lọ. Láoyè fi ojú kan wo àbúrò rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló kọjú sí, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó dé yìí pé ó pẹ́."

Wọ́n mú Ògúndíran lọ síwájú ọba. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹni tí ẹ mú kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ náà. Mo tò ó lásán, mo fi ọ̀dà bò ó."

Ọba ní, "Lọ́jọ́ tí ínjì rẹ já, ìjì gbé ogójì lára wa lọ. Ìyá mi wà nínú wọn. Bí mo bá ń jẹun báyìí, ọwọ́ ni mo fi ń bo àwo, kí n má baà jẹ ẹ̀yà ara rẹ̀ kan tó ń fò kiri." Ó ní ínjì kejì, èyí tó wà nísàlẹ̀ géètì, náà ti ń mì, inú òun sì dùn pé èjìká kejì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Ògúndíran bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jó ínjì òkè náà dáadáa. Wọ́n ṣe àdéhùn pé bí ó bá gba ìgbì ìjì mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tí kò já, kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa lọ sílé. Bí ó bá já, Láoyè á wà lókè títí ayé, Ògúndíran á sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣe àdéhùn náà, àkókò sì ti kéré.

Iná wá dà? Kò sí òpó iná nínú igbó. Ṣùgbọ́n odò kan ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, òjìjí ló sì kún inú rẹ̀ bámú, ẹja tí wọ́n ń fọwọ́ kàn tí apá fi ń kú. Ògúndíran ti tún ẹ̀rọ yẹn ṣe pẹ̀lú ohun tó burú ju ẹja lọ. Ó na wáyà méjì wọ odò, ó kí àwọn òjìjí dáadáa, ó yìn wọ́n, ó pè wọ́n ní ọba omi. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rọ kò kùn. Ó ta á ní ìpá, kò kùn. Bó ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé wáyà sún síwájú, ọ̀kan nínú wọn fi ìrù gbá a lọ́wọ́, ara rẹ̀ gbọ̀n rìrì, ó sì fi ìrora ké pé ẹja aláìnípẹ́, abara-yíyọ̀-bí-ọṣẹ. Inú bí òjìjí náà. Ẹ̀rọ kùn hìn.

Ògúndíran dúró. Ó ní ojú wọn kéré bí ihò abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ kùn sí i. Ó ní ètè wọn nípọn bí bàtà tí ọlọ́pàá ti sọ nù. Gbogbo odò ru, iná sì ṣẹ́ lẹ́nu ọ̀pá ìjórin. Ìbínú wọn ni iná wọn. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ẹnu rẹ̀ ti lé kúrò nílùú, èyí tí ẹnu rẹ̀ tan iná fún, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Wọ́n gbé ínjì tó já náà padà sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká Láoyè. Ògúndíran gun àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó irin, ó ń bú ẹja, ó ń jó irin. Ẹ̀ta iná tó ń fò lára irin ń bọ́ sí Láoyè lọ́rùn, Láoyè ń wí fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n bá òun sọ fún ẹni tó wà lókè pé orí òun kì í ṣe ààrò. Nítorí pé kò sí dígí, Ògúndíran á fi ọ̀pá kan irin, á sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀pá mẹ́jọ ló lò. Nígbà tó fi òòlù gbọn ìdàrọ́, ìdọ̀tí irin tó yọ́, kúrò lórí rẹ̀, ojú ibẹ̀ tẹ́jú, ó lẹ́wà, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀. Àwọn ará Ìlú Eérú bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Ọba fọwọ́ pa á, ó yìn ín, ó ní kí wọ́n tú ẹ̀wọ̀n, kí Láoyè yọ èjìká rẹ̀.

Ògúndíran wo iṣẹ́ náà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti sáré, orí ni iná náà rìn, kò wọ ìsàlẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó gba ìgbì ìjì mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ó gba mẹ́wàá pàápàá. Kí ó tó já, àwọn méjèèjì á ti dé Òkè-Ìdàrọ́, Láoyè á ti wà lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró. Ó rò ó dáadáa, kò purọ́ fún mi pé òun kò rò ó. Ó wá rántí ọba yẹn àti ọwọ́ tó fi ń bo àwo.

"Ẹ má yọ èjìká yín, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Kò wọnú."

Láoyè kọ́kọ́ wò yíká, bí ẹni ń wá ẹni tó ń bá wí. Ọba bínú gidigidi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ọ̀kọ̀ yí àkàbà ká, oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ọba ní òun kò ní sún àkókò ìjì fún un, bí òun tilẹ̀ fẹ́, kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ fún ìjì. Ògúndíran kò dúró jiyàn. Ó mú ṣísùlù àti òòlù, ó gé iṣẹ́ tó lẹ́wà náà dànù, ó sì tún gé e títí ó fi rí ìsàlẹ̀ irin.

Ọ̀pá mẹ́fà ló kù. Bó ti ṣe ọ̀kan tán, èéfín yọ lára ẹ̀rọ, àkísà tí wọ́n fi di wáyà inú rẹ̀ ti jó. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rì í sínú ẹrẹ̀ odò, ó fi wé wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Ẹ̀rọ tún jí. Ṣùgbọ́n òjìjí ti gbọ́ gbogbo èébú rẹ̀, kò mú wọn mọ́. Ó ní ojú abẹ́rẹ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ìyẹn. Ó ní ètè bàtà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Iná rẹ̀wẹ̀sì lẹ́nu ọ̀pá, ó ń kú lọ. Nínú ihò, ìjì ti ń mí.

Láoyè ló wá sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ẹrù géètì. Ó kọjú sí odò. Ọdún méje ló ti ń kó èébú jọ fún àbúrò rẹ̀ tí kò rí àyè bú u, nítorí odì kì í jẹ́ kí ènìyàn bú ènìyàn dáadáa. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé òjìjí lórí. "Ẹ̀yin aláìmoore," ló wí. "Ẹ̀yin tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò tíì ranlẹ̀. Ẹ̀yin tí mo fi ẹran inú ọbẹ̀ mi sílẹ̀ fún. Bàbá kú, ẹ kò sunkún pẹ̀lú mi, ẹ̀rọ lẹ sáré lọ gbá mú. Wọ́n wá mú mi lójú yín, ẹ sì ń jẹun lẹ́yìn àgbá."

Òjìjí kò ní ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pọn ẹja. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin yìí, ẹ̀sùn èké sì ni ó ń bí òjìjí nínú jù láyé. Odò hó. Iná tó jáde lẹ́nu ọ̀pá funfun débi pé òjìji géètì bọ́ sórí òkè tó wà ní òdìkejì. Ògúndíran mọ ẹni tó ni èébú náà. Ó gba gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ mọ́, ó tẹ ojú mọ́ iná náà, ó ń wo irin bó ti ń yọ́ nísàlẹ̀, ó ń kó ìpele lé ìpele. Omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó lo ọ̀pá kẹta tán, kò rí irin mọ́, funfun nìkan ló ń rí. Ó fi etí ṣe ìyókù, nítorí iná ìjórin tó bá wọnú máa ń dún bí àkàrà tó ń dín nínú epo, ó sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀pá tó kẹ́yìn fi tán. Ẹ̀rọ gbiná lẹ́yìn ìyẹn. Ó jó tán pátá, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi dì í.

Wọ́n tú ẹ̀wọ̀n Láoyè, ó yọ èjìká, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Géètì dúró. Ìjì dé, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará Ìlú Eérú dì mọ́lẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, òkúta jábọ́ lórí òkè. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní. Ínjì náà kò tilẹ̀ dún. Ọba kò yìn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n kúrò níwájú òun kí òun tó rántí ìyá òun.

Láoyè bẹ̀rẹ̀ sí lọ, èjìká rẹ̀ kan wọ́ sílẹ̀. Ó rìn bí ogún ìṣísẹ̀, kò gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí Ògúndíran tó dúró síbi tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí àkàbà, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tó kọjú sí ibi tí kò sí ọ̀nà. Láoyè padà. Ó dúró níwájú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ láàárín wọn tí yóò bá a jíṣẹ́.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," ló wí. "Di aṣọ mi mú."

Ògúndíran dì í mú. Báyìí ni mo ṣe pàdé wọn ní etí igbó, èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ẹ̀gbọ́n níwájú ń bú àbúrò láti orí dé ẹsẹ̀, àbúrò lẹ́yìn ń dá a lóhùn ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí wọ́n kọjá, mo sì ṣí fìlà mi, nítorí ó ti tó ọdún méje tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ kẹ́yìn pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni tèmi mọ. Òjò ti dá, kí olúkúlùkù gbé àpótí rẹ̀.